Aṣọ Oko

Òjò ni Àrìnkẹ́ bá wọ Ìtapàjí. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Tíṣà kan ló bẹ̀rẹ̀ tó fà á yọ, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa. Ilẹ̀ wa ò fẹ́ kí ẹ lọ mọ́."

Dèjì Fásanmí ni. Ìlú Ọba ni wọ́n bí Àrìnkẹ́ sí. Oṣù mẹ́ta ló fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wá kọ́ àwọn ọmọ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ gbọ́ ti Dèjì lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Dèjì mú un lọ sí oko kòkó ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí Ẹ̀bùn, ọmọ kan ní kíláàsì tí Àrìnkẹ́ ń kọ́, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Dèjì. Aṣọ ọmọ náà ya léjìká, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ ọ́ di dúdú. Àánú ṣe Àrìnkẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Ọmọ yìí ò láṣọ. Ẹ ràn án lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀bùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú léèsì aláwọ̀ ọsàn àti bàtà funfun. Ìgbà náà ló yé Àrìnkẹ́. Aṣọ oko ni tàná! Ta ní í wọ aṣọ ọdún lọ fọ́ kòkó?

Ó yẹ kó yọ fọ́tò náà. Ó tiẹ̀ mú fóònù. Àmọ́ àwọn èèyàn ti ń yìn ín lọ ràì: "O káre, Àrìnkẹ́!" Ìyìn dùn, ká má tan ara wa. Ó fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ń bá a jí, ó ń bá a jẹun.

Ìfẹ́ sì ń dàgbà. Màmá Dèjì ń fi iyán ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Dèjì ní, "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?" ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bú sẹ́kún. Dèjì rò pé ayọ̀ ni.

Ẹyin lohùn, fọ́tò náà ẹyin ni. Ní Túsìdeè kan, bọ́ọ̀sì já àpò òkìrìkà méjìlá tí àwọn tó rí fọ́tò náà kó jọ sílé ìwé, fọ́tò Ẹ̀bùn lára gbogbo wọn. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Màmá Fásanmí ò láṣọ.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?" Dèjì bi í.

Ó lè purọ́. "Láti ọjọ́ kejì."

"Ká ní o ṣèèṣì ni, ǹ bá rí nǹkan sọ fún Màmá." Ó kẹ̀yìn sí i.

Láàárọ̀, Àrìnkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Mo ṣẹ̀ yín, Màmá. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe uṣẹ́ oko kí ọmọ ulé mi má baà tọrọ aṣọ," ni Màmá wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi sọ mí di alágbe."

Màmá wọlé, ó mú bùbá àtijọ́ kan tó ti ya lápá jáde, ó jù ú sí i.

"Wọ̀ ọ́. Kòkó ń dúró dè wá."

Ó fọ́ kòkó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án, ó na fóònù sí Dèjì tó ti wá bá wọn lóko: "Jọ̀ọ́, yà mí." Ó pa fọ́tò Ẹ̀bùn rẹ́, ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀: "Aṣọ oko nìyí. Irú rẹ̀ ni Ẹ̀bùn wọ̀. Mo mọ̀, mi ò sọ. Mo ba orúkọ ilé tó ń bọ́ mi jẹ́." Èébú dé. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ká bùbá náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Oṣù mẹ́ta mi ti pé. Jímọ̀ ni mò ń lọ."

Màmá ò gbà á. "Fọ̀ ọ́, kó o sá a sẹ́yìn ulé. Tó o bá padà dé, wàá bá a níbẹ̀. A kì í fún àlejò láṣọ oko."

Omijé ni Àrìnkẹ́ fi fọ aṣọ náà tán. Nídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, Dèjì ti ń sún aṣọ oko Ẹ̀bùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ti Àrìnkẹ́ lè ráyè.