Ọ̀pá Mẹ́wàá Orí Àtẹ̀gùn

Lórí ìkúnlẹ̀ ni káfíńtà ti kọ́kọ́ bá aránṣọ. Ọkùnrin náà wà lókè àtẹ̀gùn ilé ìyá rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fa ìlà sílẹ̀ ní etí ibi tí ọgbà ọ̀pá igi àtijọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn jábọ́ wà kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí, àbí ẹ ti gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́?"

Aránṣọ gbójú sókè. Ọkùnrin ló ń retí. Obìnrin ló rí, ayùn lábíyá, pẹ́ńsùlù létí. Ẹlẹ́nu-Ayùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ohun tí ẹnu rẹ̀ bá gé, kò sí gílúù tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Mo kàn ń bá yín ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ ni," ni aránṣọ wí. "Ọ̀pá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àlàfo mẹ́rìnlá."

Ẹlẹ́nu-Ayùn bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì lẹ ń tò yẹn! Tẹ̀wù, bọ́tìnnì kan á wà lọ́rùn, òmíràn á wà nísàlẹ̀, àlàfo á fi ẹyọ kan dín. Tiwa, òpó ló wà ní igun méjèèjì. Àbí ẹ fẹ́ kí ọ̀pá àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ òpó bí ọmọ ọmú? Ọ̀pá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àlàfo mẹ́rìndínlógún. Ẹ dìde, ẹ bá mi di téèpù mú."

Ó dìde, ó dì í mú. Láti òpó dé òpó jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gba ọgbọ̀n. Ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Pín in sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ ni àlàfo kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tí kò fi lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ẹlẹ́nu-Ayùn di ìkúùkù, ó nà án sí i lójú. "Ibi tí ìkúùkù àgbàlagbà bá ti lè kọjá, ọmọdé lè gba ibẹ̀ lọ sọ́run. Ṣé ẹ ní ọmọ nílé?"

Aránṣọ nàka sínú yàrá. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀já so ó nídìí mọ́ ẹsẹ̀ máṣínì ìránṣọ. Tíńtín ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i.

"Ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Ó sàn kó jọ ewúrẹ́ ju kó jábọ́ lọ."

Ẹ̀rín tí Ẹlẹ́nu-Ayùn fẹ́ rín kú sí i lẹ́nu. Ó wo ọkùnrin tó ń dá ọmọ tọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ kan wa máṣínì, tó ń fi èkejì ṣọ́ okùn, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Àánú yẹn ló di ìfẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Aránṣọ á wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní òun fẹ́ wo igi.

"Igi wo lo fẹ́ wò?"

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Wò ó dáadáa o. Igi yìí ní ẹ̀gún."

"Aránṣọ ni mí, ìfẹ́ mi. Ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gún mi, mi ò sì tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ló dúró lọ́nà: ìyá aránṣọ. Màmá kò fẹ́ obìnrin tó ń la pákó. "Ọwọ́ rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun," ló ń wí. "Ṣé irú ọwọ́ yẹn ló máa wẹ ọmọ?" Aránṣọ kì í sì í rú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí ìyá yẹn ló gbé ọmọ náà pọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí aránṣọ lọ já aṣọ oníbàárà, Màmá ránṣẹ́ pe Ẹlẹ́nu-Ayùn. Ó fa ẹrù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú u. Ọ̀pá mẹ́wàá ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí wọn rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n ń dán bí ojú omi.

"Ọkọ mi ló ṣe wọ́n. Àtẹ̀gùn yìí ló ṣe wọ́n fún. Ó ṣe ìkẹwàá lọ́jọ́ Ẹtì, ó kú lọ́jọ́ Àìkú."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára púpọ̀, Màmá. Màá yí márùn-ún sí i, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀."

"Èmi á mọ̀. Igi àjèjì kankan ò ní dúró sáàárín tọkọ mi. Mẹ́wàá yìí ni kí o tò. Bí wọ́n bá dúró tí wọ́n dọ́gba, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ mọ́ lórí ìwọ àti ọmọ mi."

Orí Ẹlẹ́nu-Ayùn ti ṣírò rẹ̀ tán kí Màmá tó pa ẹnu dé. Mẹ́wàá á gba ogún ínṣì. Ó ku mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àlàfo mọ́kànlá. Ínṣì mẹ́fà géérégé.

"Màmá, ọmọ lè..."

"Ọmọ wo? Ojú mi ò kúrò lára ọmọ."

Obìnrin tó ti bú ọlọ́pàá lójú títì, tó ti lé onílé jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó wo ojú ìyá arúgbó kan, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìfẹ́ ló dí i lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dá nìkan sùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tò wọ́n. Kò sí ojú tó rí wọn tí kò ní yìn ín. Ṣùgbọ́n kò di ìkúùkù wò ó. Àpò ló kó ọwọ́ méjèèjì sí. Aránṣọ dé, ó fọwọ́ pa igi náà, ó ka ọ̀pá, ó yíjú sí i.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo sọ fún mi. Ṣé mẹ́wàá tó?"

"Ó tó."

"Ṣé ó dá ọ lójú, ayọ̀ mi?"

"Ṣé bọ́tìnnì lo tún fẹ́ kọ́ mi ni? Mo ní ó tó."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó tú ọ̀já nídìí ọmọ rẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ olùfẹ́ rẹ̀ gbọ́. Àwọn ẹbí ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ni Tíńtín lé bọ́ọ̀lù òwú kan dé etí àtẹ̀gùn. Màmá ń ká aṣọ nínú yàrá, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí i. Bọ́ọ̀lù gba àlàfo kẹta kọjá. Ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà.

Kò kú. Ẹ bá wọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má dúpẹ́ púpọ̀. Egungun itan rẹ̀ fọ́ sí mẹ́ta, nígbà tó sì jinná, ẹsẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Dókítà ní bó ṣe máa wà nìyẹn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsíbítù, Màmá jókòó, kò lè gbójú sókè. Aránṣọ dúró síwájú Ẹlẹ́nu-Ayùn. Irọ́ wà nílẹ̀ tí obìnrin náà lè pa. Ó lè ní òun ṣì í wọ̀n. Ó lè nàka sí Màmá.

"Nígbà tí o ní ó tó," ni aránṣọ bi í, "ṣé o mọ̀ pé kò tó?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó kan ọ̀pá àkọ́kọ́."

"Ọmọ mi, èmi ni mo..." ni Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ẹlẹ́nu-Ayùn wí. "Ẹ̀yin sọ ohun tí ẹ fẹ́. Èmi ni mo mọ iṣẹ́."

Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìgbéyàwó. Ní ọ̀sán kan, Màmá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. "Wá fi márùn-ún yẹn sí i," ló wí. "Igi àjèjì, igi ilé, èyí tó bá wù ọ́."

Ẹlẹ́nu-Ayùn yí márùn-ún, ó tú gbogbo wọn palẹ̀, ó tún wọn tò ní ínṣì mẹ́ta ààbọ̀. Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sì gbọ́ ohùn ẹnìkan nínú ilé bí kò ṣe ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn tuntun nísàlẹ̀: ọ̀kan á dún gbì, èkejì á wọ́ tẹ̀ lé e.

Nígbà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, aránṣọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Mo ṣì fẹ́ràn rẹ," ni aránṣọ wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ."

"Èmi náà fẹ́ràn rẹ."

"Mo ti dárí ji ìyá mi. Kò mọ̀ ni. Ìwọ mọ̀, o sì dákẹ́ nítorí kí o lè fẹ́ mi. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Bí mo bá fẹ́ ọ, gbogbo ìgbà tí o bá ní nǹkan tó, mo máa dìde lọ wọ̀n ọ́n."

Aránṣọ mọ ẹnu obìnrin náà, ó ti múra sílẹ̀ de èébú, bóyá ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Ṣé o ò ní bá mi jà ni?"

"Ìjà tó yẹ kí n jà," ni Ẹlẹ́nu-Ayùn wí, "lókè ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti jà á, lọ́jọ́ tí ìwọ ò sí nílé. Wọlé lọ. Ọmọ ń pè ọ́."

Lóòótọ́ ni ọmọ náà ń pè é. Aránṣọ wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́nu-Ayùn gbé àpótí irinṣẹ́ lé èjìká, ó dúró níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ọkùnrin náà gbé ọmọ rẹ̀, tó ń gun àtẹ̀gùn lọ, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.