Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Figbe Ta ní Ilé Pàjáwìrì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìjì jà, gbogbo ìdílé Kápẹ́ńtà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín pákó, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

Ìjì ọ̀hún kì í ṣe ìjì kékeré. Ó ṣí òrùlé ilé wọn bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò wo ohun tó ń hó nínú rẹ̀. Wọ́n ní páànù kan fò lọ sókè títí tó fi pàdé àṣá, àṣá ló sì yà fún un lọ́nà.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sùn mọ́jú. Nígbà tí àwọn ọmọ jí, lẹ́búlẹ́bú pákó ti bo orí wọn, àfi bíi pé òru kan ṣoṣo sọ wọ́n di arúgbó. Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni Màmá, ìyá Kápẹ́ńtà. Àyà ìyá náà kò gba eruku rárá. Bó bá húkọ́ báyìí, ìṣó inú agolo á máa jó.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó Kápẹ́ńtà pè é, "Màmá ò lè sun ibí mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kí Màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín."

"Àbúrò mi tí yàrá rẹ̀ ò gba òun àti bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi á wá ibì kan fẹ̀yìn tì."

Kápẹ́ńtà gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bá lọ, a lè kan òmíràn. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá túká sí ojúlé mẹ́ta, ìṣó wo lèèyàn fẹ́ fi kàn án pọ̀?

Ibẹ̀ ni Onídìrí, aládùúgbò wọn, ti yọjú. Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ máa ń délé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará inú pákó. Kí lẹ ṣì ń ṣe níbí? Ṣé ẹ ò tíì lọ béèrè ilé pàjáwìrì tí ìjọba ṣe ni?"

"Ilé wo?"

"Ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ìjì, iná tàbí omíyalé bá lé jáde, ẹni tí onílé lé síta, obìnrin tí ọkọ ń lù, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ́n sí títí wọ́n á fi rí ibòmíràn."

Kápẹ́ńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn? Èmi ni mo kan gbogbo bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilé àwọn ọ̀gá ńlá tó bá wá bẹ ìlú wò ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Fèrèsé onígíláàsì, ẹ̀rọ omi nínú ilé. Ṣé irú èmi yìí ni wọ́n á kọ́ irú ẹ̀ fún?"

"Irú yín gan-an ni. Nígbà tí iná jó ilé tí mo háyà, ibẹ̀ lèmi àtàwọn ọmọ mi wà títí mo fi rí yàrá. Mo ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín, Bọ̀ọ̀dá Kápẹ́ńtà." Ó wò ó bákan. "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ná."

Kápẹ́ńtà họrí.

"Ṣé wọn ò ní pín wa níyà?" ni Màmá béèrè láàárín ikọ́ méjì.

"Rárá, Màmá. Ìdílé kan, yàrá kan. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbuurugbu o. Ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ aráàlú ní ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ tètè lọ, torí yàrá ibẹ̀ ò pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìjì bá jà. Bó bá ti kún, ẹ ní kí wọ́n bá yín pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ mú nǹkan wá kóun tó bá yín ṣe é, olè ni."

"Ojú á máa tì mí," ni Kápẹ́ńtà ń kùn.

"Ẹ fi ìtìjú ọ̀hún bo orí ilé, ká wò ó bóyá á gba òjò dúró."

Wọ́n lọ. Akọ̀wé obìnrin kan bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ń ṣàìsàn. Ikọ́ ni Màmá fi dá a lóhùn, bébà orí tábìlì sì fò dé ẹnu ọ̀nà.

"Yàrá kan ló kù," ni akọ̀wé wí. "Màmá, tiyín ni."

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi dé yàrá ọ̀hún. Ó mọ́, eruku kankan ò sí níbẹ̀. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì náà figbe ta bí ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́dẹ̀ tó há sẹ́nu géètì kan ṣoṣo. Adìẹ ojúlé kẹwàá sá wọlé.

Màmá dìde. Ó tún jókòó. Bẹ́ẹ̀dì tún ké.

"Ta ló kan èyí?"

Kápẹ́ńtà ń wo àjà. "Iṣẹ́ ìjọba ni, Màmá. Wọ́n ní èèyàn kì í làágùn sí iṣẹ́ ìjọba."

"Ọkọ mi," ni Màmá bi ọmọ rẹ̀, "ṣé ìjọba ló ń sùn lórí ẹ̀?"

Ìyàwó Kápẹ́ńtà fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì.

Kápẹ́ńtà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé òòlù, gọ́ọ̀mù àti ìṣó wá. Ó gba àyè lọ́wọ́ alábòójútó ilé, ó tú bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó sì tún un kàn. Ó bọ́ sí yàrá kejì, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, títí ó fi kárí ilé. Gbogbo òógùn tó fi pamọ́ lọ́dún tó kọjá ló là lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá ní láti ká ṣòkòtò sókè.

Nígbà tó padà dé, Màmá ti sùn lọ fọnfọn, kò húkọ́. Àwọn ọmọ sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kápẹ́ńtà rọra fìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀dì ò sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà papọ̀ títí òrùlé tuntun fi bo ilé wọn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má dúró dìgbà tí ìjì bá ṣí òrùlé. Ẹ ti béèrè nísinsìnyí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nítòsí àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù yín nílé, ẹ wí fún ọlọ́pàá tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ sá fún mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ fi ìtìjú sílẹ̀, nítorí pé torí yín ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì gbé iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún, ẹ ṣe é dáadáa. Ẹni tó kan bẹ́ẹ̀dì tó ń ké, kò mọ̀ bóyá ìyá òun ni yóò jókòó lé e.