Ìbọ̀sẹ̀ Mẹ́rin, Ẹsẹ̀ Mẹ́jọ

Orúkọ rẹ̀ ni Sìdíkátù. Sìdí ni gbogbo ilé ń pè é. Ìfọ̀nyìn ni ilé wọn wà.

Ní ọdún kan, wọ́n gbé àsíá tuntun sókè níwájú ilé ìwé. Ní ọdún yẹn náà ni Màdáàmù Véronique, olùkọ́ wọn, kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gígùn méjì. Òwú kan. Kì-kì-kì! Kì-kì-kì!

Ọyẹ́ dé. Fùùù! Ètè gbẹ. Gìgísẹ̀ là. Ẹsẹ̀ gbogbo ilé tutù.

Màmá ti ọjà Igolo dé. Ó ra òwú bọ̀. Pupa, búlúù, funfun, àti òwú tó ní àwọ̀ ewé.

Sìdí fò sókè. “Màá hun ìbọ̀sẹ̀ fún gbogbo ilé!”

Ó mú òwú pupa. Kì-kì-kì! Ó hun ìbọ̀sẹ̀ kan fún Ìyá àgbà.

“Háà! Ó gbóná bí àkàrà,” ni Ìyá àgbà wí. “Ó ku ẹyọ kan.”

Ṣùgbọ́n Bàbá ń wò. “Èmi ńkọ́?”

Sìdí gbé òwú pupa sílẹ̀. Ó mú búlúù. Kì-kì-kì! Ó hun ìbọ̀sẹ̀ kan fún Bàbá.

Àmínátù ọmọ ọwọ́ ń ta ẹsẹ̀. Bì-bì-bì!

Sìdí gbé búlúù sílẹ̀. Ó mú funfun. Kì-kì-kì! Ó hun ìbọ̀sẹ̀ kan fún Àmínátù. Kékeré báyìí!

Yẹ̀kínì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀. “Èmi ni mò ń lọ sí ilé ìwé ńlá ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Tèmi dà?”

Sìdí gbé funfun sílẹ̀. Ó mú òwú tó ní àwọ̀ ewé. Kì-kì-kì! Ìbọ̀sẹ̀ kan ni òun náà gbà.

Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá àgbà ń rìn ní àgbàlá. Ẹsẹ̀ kan wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà lásán. Ṣẹ́ẹ́, pá! Ṣẹ́ẹ́, pá!

Bàbá ń tẹ̀ lé e. Ṣẹ́ẹ́, pá! Ṣẹ́ẹ́, pá!

Yẹ̀kínì ń tẹ̀ lé Bàbá. Ṣẹ́ẹ́, pá! “Sìdí, ẹsẹ̀ méjì ni mo ní o!”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń hun ún bọ̀.”

Bàbá gbẹ́ ọparun. Ó fi ṣe abẹ́rẹ́ ìhun mẹ́fà sí i. Báyìí, Sìdí lè hun ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù pọ̀!

Ìlà kan fún Ìyá àgbà. Ìlà kan fún Bàbá. Ìlà kan fún Àmínátù. Ìlà kan fún Yẹ̀kínì.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan fún Ìyá àgbà. Ìlà kan fún Bàbá. Ìlà kan…

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Sìdí tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tó jọ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n jọ ọ̀já ọmọlangidi!

Ọ̀la ni Àìkú. Ọ̀tunla ni Ajé. Yẹ̀kínì máa lọ!

Sìdí sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Omijé bọ́ sórí òwú. Tó. Tó.

Ó yọjú. Ó ń wo gbogbo wọn.

Ìyá àgbà jókòó ti iná. Ó na ẹsẹ̀. Bàbá ti oko dé. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àmínátù wà lẹ́yìn Màmá. Ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Yẹ̀kínì ń di ẹrù. Òun nìkan ló ń lọ.

Sìdí nu ojú. Ó dìde.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.”

“Iná ń bẹ níbí, ọmọ mi. Màá dúró.”

“Àmínátù, dúró dè mí.”

“Gàà!” ni Àmínátù wí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.”

Bàbá lejú. Sìdí gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Pà!

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ń rìnrìn àjò là á kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Lọ hun ti ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Sìdí kó pupa, búlúù àti funfun sínú agbọ̀n. Ó dé e. Ó mú ti Yẹ̀kínì nìkan.

Kì-kì-kì ní ọjọ́ Àìkú. Kì-kì-kì ní àárọ̀ Ajé.

Páà! Páà! Ọkọ̀ dé!

Ìbọ̀sẹ̀ kù díẹ̀. Ibi ìka ẹsẹ̀ ló kù. Sìdí fa òwú. Òwú tán!

Páà! Páà!

Sìdí ṣí agbọ̀n. “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú díẹ̀ nínú pupa yín?”

“Mú un! Mú un kíá!”

Kì-kì-kì! Kì-kì-kì! Ó so ó. Ó rán an pọ̀. “Voilà! Ó parí!”

Yẹ̀kínì wọ̀ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹ wò ó! Ìka ẹsẹ̀ mi dé fìlà pupa!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì gbá Sìdí mọ́ra. Ó gun ọkọ̀.

Gbùrù-gbùrù, ọkọ̀ ń lọ. Gbogbo èrò ń juwọ́. Yẹ̀kínì na ẹsẹ̀ jáde, ó ń jù ú!

Sìdí padà sídìí agbọ̀n. Ó mú pupa. Ọjọ́ mẹ́ta, ti Ìyá àgbà pé méjì.

Ó mú funfun. Ọjọ́ kan péré, ti Àmínátù pé méjì.

Ó mú búlúù. Ẹsẹ̀ Bàbá gùn. Ó gùn! Ó gùùùn! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ti Bàbá pé méjì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn rí ìbọ̀sẹ̀ búlúù.

“Ta ló hun ún?”

“Ọmọ mi ni!” Bàbá gbé àyà sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Sàlámì wá. Ìyá Ràfátù wá. Bàbá Honoré tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà náà wá.

“Sìdí, hun tèmi!” “Sìdí, hun tèmi!” “Sìdí, tèmi ńkọ́?”

“Ẹ jókòó,” ni Sìdí wí. “Ẹ na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló tutù jù?”

Wọ́n na ẹsẹ̀. Sìdí fọwọ́ kàn wọ́n.

“Èyí tutù díẹ̀. Èyí náà tutù díẹ̀. Yéè! Èyí tutù bí omi kànga!”

Bàbá Honoré ló ni ín.

Sìdí mú òwú kan. Ẹyọ kan péré.

Kì-kì-kì!