Ohùn Ìsàlẹ̀ Tí Wọ́n Fún Àrìnkẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ kan wà lẹ́nu mi, àmọ́ ó korò ju bó ṣe dùn lọ.

Láyé owó Údọ́jì tí ìjọba fi kún owó oṣù, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lórí òrùlé ní Mafoluku, oníkálukú a dákẹ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí Abórìṣàdé kọ́kọ́ rí Àrìnkẹ́, ìta ilé Abórìṣàdé ni ọmọbìnrin náà dúró sí, ó ń fun fèrè idẹ kí wọ́n lè gbà á sẹ́gbẹ́ afunfèrè. Ọkọ̀ òfuurufú dé. Àrìnkẹ́ ò dákẹ́. Nígbà tí ariwo náà lọ tán, ohùn fèrè ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó gún régé. Ọkàn Abórìṣàdé bá a lọ.

Abórìṣàdé ni olórí àwọn afunfèrè tí wọ́n máa ń pè síbi òkú àti ìsọmọlórúkọ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ tó mọ̀ ọ́n fun ló ń sá lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń gbowó oṣù. Ẹ̀rù bà á pé èyí náà á lọ. Ó bu omi tútù fún ọmọbìnrin náà, bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tuntun, ó sì fi í sí ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí etí kì í tètè gbọ́. Ó ní ẹnu ẹ̀ ò tíì gbó.

Àrìnkẹ́ gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá ṣeré tán, Abórìṣàdé a sìn ín dé Ìsọlọ̀, wọn a máa jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n, agbọ́n wo ló ta yín létè?" Bẹ́ẹ̀ ni Àrìnkẹ́ ṣe máa ń fi ètè ẹ̀ tí fèrè ti wú ṣe yẹ̀yẹ́.

"Agbọ́n Ìsọlọ̀ kan báyìí ni. Ó tún ń bá mi jẹ bọ̀ọ̀lì."

Àmọ́ bàbá Àrìnkẹ́, Àlàájì Bùràímọ̀ oníṣòwò pákó, bi Abórìṣàdé pé ṣé ọmọ òun mọ iṣẹ́ yìí lóòótọ́. Abórìṣàdé wolẹ̀, ó ní ó ku díẹ̀. Kò pẹ́ tí Àrìnkẹ́ fi di fèrè ẹ̀ sínú ògbólógbòó ìró. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, òun ti gbà kí bàbá òun fún òun lọ́kọ n'Ísẹ́yìn.

Abórìṣàdé bẹ̀ ẹ́ pé kó fun fèrè níbi òkú kan péré sí i, l'Ókóta. Ó mọ̀ pé ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ níbẹ̀. Ó fún un ní ohùn òkè. Àrìnkẹ́ fun ún títí opó tí ò tíì sunkún láti àárọ̀ fi bú sẹ́kún. Ọ̀gá náà béèrè orúkọ ẹ̀.

"Ọjọ́ tí o dé ni mo ti mọ̀ pé o ju gbogbo wa lọ," ni Abórìṣàdé wí. "Mo fi ọ́ pamọ́ ni."

"Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé n kò wúlò."

"Mo mọ̀."

Àrìnkẹ́ ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá òun. Abórìṣàdé dọ̀bálẹ̀ láàárín pákó, ó jẹ́wọ́. Àlàájì kàn ń wọn pákó lọ.

Àrìnkẹ́ gba iṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀rọ̀ ọkọ Ìsẹ́yìn sì tú ká. Ẹgbẹ́ fọ́, kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n. Abórìṣàdé di aláàárù ní pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní í tan iná.

Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Àrìnkẹ́ dé, ó dúró tì í. 

"Mi ò tíì dárí jì yín tán, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi náà ò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn èèyàn yín wá tọrọ mi. Èyí tó kù nínú ìdáríjì tèmi, mo lè parí ẹ̀ nílé yín."

 Abórìṣàdé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

Olúyínká tí yàrá ẹ̀ kángun sí ti Abórìṣàdé ló gbọ́ ọ, òun ló sọ ọ́ fún mi.