Fà Á Lẹ́ẹ̀mejì

Orí páànù ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ọkùnrin ayàfọ́tò kan wà lọ́jọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ rí i. Ó dá orí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kan etí òrùlé. Aránṣọ rò pé ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Fọ́tò ni mò ń yà, àǹtí. Ẹ wòkè."

Àwọsánmà ti hunjọ ní ìgbì ìgbì láti ìpẹ̀kun ọ̀run dé ìpẹ̀kun.

"Aṣọ tí òwú fà ni," aránṣọ wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ló ti ń kó ṣòkòtò tí kò ya wá fún un pé kó bá òun rán an.

"Ibo ló ti ya gan-an?"

"Ẹ máa wá a lọ. Mo lè jókòó dè yín."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ ìyá aránṣọ kọ̀ jálẹ̀ nítorí òrùlé tí ọkùnrin náà ń gùn ya àwọsánmà. Ọkọ ìyá náà a máa kan òrùlé nígbà ayé rẹ̀. Abẹ́ irú àwọsánmà yẹn ni ìyá ti pè é kó sọ̀kalẹ̀, tí ọkọ ní ó ku ìṣó kan. Ìjì ló gbé e wálẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n pè tí kò bọ̀, mi ò ní í fọmọ fún un," ìyá wí.

Ẹ̀rù yẹn náà ló ń ba aránṣọ. Kí olólùfẹ́ rẹ̀ tó tún gun òrùlé, ó so òwú líle mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó di etí kejì mú nísàlẹ̀. "Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bọ̀."

"Màá bọ̀, ìfẹ́ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìgbì dúdú bo ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ sì ń ṣí páànù, ọkùnrin náà sì wà lókè. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ fa òwú lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́, òwú náà dẹ̀, ó ń wá sọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

"Ó ti já," ìyá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó jókòó sílẹ̀.

Ìgbà náà ni àkàbà mì. Ọkùnrin náà ń sọ̀kalẹ̀, ìdérí ṣì wà lójú kámẹ́rà rẹ̀.

"Páànù ló gé òwú náà bí mo ṣe yíjú. Àmọ́ mo ti mọ ìfà kejì lára."

"Ṣé ẹ yà á?" aránṣọ bi í.

"Rárá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ó dùn ún, kò fi pamọ́.

Ìyá dìde, ó gba òwú lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó so etí kan mọ́ bẹ́líìtì ọkùnrin náà, ó sì so èkejì mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ìlọ́po méjì ni kẹ́ ẹ máa lò," ó ní.