Tẹjúmọ́lá Fẹ́ Kúnlẹ̀ Dandan

Ọjọ́ tí Ayọ̀kúnmi kọ́kọ́ rí Tẹjúmọ́lá ní Apákun, níbi tí Tẹjú ti ń ta ṣájà fóònù, díẹ̀ ló kù kó bú u. Ṣájà tí Ayọ̀ fẹ́ rà já bọ́ sílẹ̀, Tẹjú ò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un.”

“Ṣé èmi ni ọmọọṣẹ́ ẹ ni?”

Tẹjú rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀kadà ló gbá òun lórúnkún, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ojú ti Ayọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ra ṣájà. Ṣájà kúnlé! Ìfẹ́ ni, àbí kí lẹ fẹ́ pè é?

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Ayọ̀ mú un lọ kí ìyá ẹ̀ ní Àílégún. Tẹjú dúró gbagidi, ó kàn tẹrí ba. Òun náà ló kìlọ̀ fún Ayọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ orúnkún, kí wọ́n má baà ní arọ ló ń fẹ́.

“Ọmọ tí ò lè kúnlẹ̀ kí mi?” ni ìyá wí. “Kò ní wọlé mi.”

Ó dun Tẹjú dé egungun. “Ayọ̀ mi, màá ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún tí mo ti ń sá fún yẹn. Màá kúnlẹ̀ fún màmá ẹ, dandan ni.”

Ìrora ló ti ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kan ní Ìsọlọ̀ ní àwọn máa gún un lábẹ́rẹ́ nítan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan tó ń gbé ìrora, ẹsẹ̀ yẹn á sì kú tipiri títí di ọjọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Wọ́n ṣe é tán, Ayọ̀ já a léèékánná nítan, ẹ̀rín ló ń rín.

Nọ́ọ̀sì ní, “Má sọ̀kalẹ̀ o. Pé ẹsẹ̀ yẹn ò dùn ẹ́ kò sọ pé ó lè gbé ẹ.”

Àfi bí ìyá Ayọ̀ ṣe wọlé! Ayọ̀ ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún wọn nílé, wọ́n ní àfi káwọn fojú ara àwọn rí i.

“Ẹ káàsán, mà.” Kí Ayọ̀ tó pariwo, Tẹjú ti ju aṣọ ìbora nù, ó sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìyá sáré gbá a mú kí orúnkún tó kan ilẹ̀, ni ìyá fúnra wọn bá wà lórí ìkúnlẹ̀, Tẹjú láyà wọn.

“Ta ló ní kó o pa ara ẹ?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n kúnlẹ̀, mà.”

“Èmi? Ẹnu mi yìí?” Omi bọ́ lójú ìyá. “Olóríkunkun ọmọ. O burú jù mí lọ.”

Ayọ̀ ṣì dúró bí òpó iná.

“Kí lò ń wò?” ni ìyá ẹ̀ pariwo mọ́ ọn. “O ò ní gbé ìyàwó ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì?”