Wáyà Nínú Koríko Ẹṣin Màmúdù

Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánò, Màmúdù ará Bẹyẹrúnká bá àwọn oníṣòwò obì wọ̀ ọ́ lọ. Ó fa ẹṣin rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, Àtọ́kẹ́, lọ́wọ́.

“Bá mi tọ́jú ẹ̀ títí n ó fi dé,” ló wí.

Òjò rọ̀, ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Màmúdù kò dé. Àárò rẹ̀ ń sọ Àtọ́kẹ́ gidigidi. Bó bá ti gbá ilé ẹṣin tán, a gbé ọwọ́ lé ẹṣin lọ́rùn, a máa bá a sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò bú u? Àárò ọkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sá koríko àti ewé ẹ̀pà gbẹ, tí wọ́n ń fi okùn ìko dì í pa mọ́ sí àjà. Ṣùgbọ́n ìko a máa jẹrà, Àtọ́kẹ́ kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bà jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Ló bá lọ sí Ọjà'ba, ó ṣa wáyà tí wọ́n fi di ẹrù aṣọ wá láti Èkó, ó fi di koríko ọdún náà.

Kò pẹ́, ẹṣin kò jẹun mọ́. Àtọ́kẹ́ jókòó tì í, ó ń sunkún.

Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n Màmúdù, ló wá kí wọn láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Kúdẹtì. Eyínfúnjowó ni Àtọ́kẹ́ ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

“Eyínfúnjowó, àárò wọn ló ń sọ ẹṣin. Kò jẹun mọ́. Èmi náà ò kúkú rí oúnjẹ jẹ.”

Ràbíátù wo itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń kán lẹ́nu ẹṣin.

“Ìyàwó, àárò kì í mú ẹnu ṣẹ̀jẹ̀. Bá mi di orí ẹ̀ mú.”

Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó la ẹnu ẹṣin, ó sì fa ègé wáyà kan yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ìgbà tó o tú ìdì koríko lèyí já sínú ẹ̀. Ká ní ó gbé e mì ni, ìfun ẹ̀ ni ì bá gún.”

“Ìko ló ń tètè jẹrà,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Mo fẹ́ èyí tó máa tọ́jọ́ dè wọ́n.”

“Torí jíjẹrà yẹn gan-an la ṣe ń lò ó. Bó bá bọ́ sórí ààtàn, á di ilẹ̀. Wáyà tó bá bá ìgbẹ́ ẹṣin dé oko, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa gún. Bí ìko bá já, ṣebí o lọ́wọ́ tó o máa fi wá òmíràn?”

Àwọn méjèèjì tú gbogbo ìdì, wọ́n gbọn koríko ní ẹyọ-ẹyọ, wọ́n sì fi ìko tún un dì.

Lọ́jọ́ tí ẹṣin náà tún fẹnu kan eèrí àgbàdo, Àtọ́kẹ́ dojú kọ ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ.

“Ó ti jẹun o, bàbá,” ló wí. “Ẹ máa bọ̀ wálé.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù, àgbò tàbí ẹṣin, okùn ọ̀rá ló gbapò wáyà lóde òní. Òun náà kì í jẹrà, ó sì lè dí ẹran nífun pa. Ẹ fi ìko tàbí okùn ọ̀gbọ̀ di koríko yín, ẹ gbé e síbi tí òjò kò ti ní pa á. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi dì í, ẹ yọ ọ́ tán kí ẹran tó jẹ koríko. Bí ẹran bá kọ oúnjẹ, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò kíákíá, ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹni tó fi ẹran ṣọ́ yín ń retí àtibá a láàyè.